Ìràwọ̀ Márùn-ún, Ti Ọdún Wo?

Ọmọ wa ti pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí a pinnu pé bọ́ọ̀sì àti tírénì kò lè tó wa mọ́ ní Manchester. Ọkọ̀ oníná mànàmáná la fẹ́ rà, èyí tí kò mu bẹntiróòlù rárá, tí a lè máa so mọ́ iná lálẹ́ bí ẹni ń ṣe fóònù. Owó ọwọ́ wa kò tó ra tuntun, nítorí náà a lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ àlòkù. Ọkùnrin tó dá wa lóhùn níbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò tíì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tó fi wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ wa, tó ní ká fọkàn balẹ̀, pé ìràwọ̀ márùn-ún ni ọkọ̀ yìí gbà nínú ìdánwò jàǹbá.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára. Díẹ̀ ló kù ká sanwó. Àmọ́ kóòdù kíkọ la fi ń jẹun, iṣẹ́ yẹn sì ti kọ́ wa ní àṣà kan tí kò ṣeé fi sílẹ̀: bí ẹnikẹ́ni bá ní nǹkan yege ìdánwò, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu ni pé, "Ìdánwò wo? Ẹ̀dà wo?" A bi í pé ọdún wo ni ìràwọ̀ yẹn. Kò mọ̀. A padà sílé láì sanwó, a ṣí kọ̀ǹpútà, a bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohun tí a rò pé a máa fi wákàtí kan parí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà wá. Ìtàn tí a bá pàdé níbẹ̀ la fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan tí èsì rẹ̀ wà níta gbangba: Renault Zoe, ọkọ̀ oníná kékeré tí àwọn ará Faransé ṣe. Ní 2013, Euro NCAP, àjọ tó ń dán ọkọ̀ wò nílẹ̀ Yúróòpù, fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Máàkì rẹ̀ lórí ààbò àgbàlagbà inú ọkọ̀ jẹ́ 89 nínú 100. Ní oṣù Kejìlá 2021, àjọ kan náà tún Zoe dán wò. Òdo ló gbà. Ìràwọ̀ kankan, kò sí. Máàkì 89 ti di 43.

Báwo ni ọkọ̀ ṣe ń jábọ́ láti orí márùn-ún sí òdo? Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, ọkọ̀ náà yí padà. Báàgì afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, tó ń dáàbò bo orí àti àyà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fi èyí tó ń dáàbò bo àyà nìkan rọ́pò rẹ̀. Ìkejì, ìdánwò náà yí padà. Láàárín ọdún mẹ́jọ, wọ́n ti fi ìbéèrè kún ìbéèrè, wọ́n sì ti gbé òṣùwọ̀n ga. Ẹni tó bá sọ pé Zoe gba ìràwọ̀ márùn-ún kò purọ́. Ẹni tó bá sọ pé Zoe gba òdo náà kò purọ́. Ọdún ni àwọn méjèèjì fi sílẹ̀ láì sọ.

Ìdáhùn ni ìràwọ̀ jẹ́. Kéèyàn tó mọ ohun tó túmọ̀ sí, ó di dandan kó mọ ìbéèrè tí wọ́n bi ọkọ̀ náà. Àwọn ìbéèrè yẹn kò sì já bọ́ láti ọ̀run. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí wọ́n ṣe wọ inú ìwé ìdánwò nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìṣubú kọ́ ló ń pani

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 1896, ọkọ̀ kan kọ lu obìnrin ẹni ọdún 44 kan, Bridget Driscoll, nínú ọgbà Crystal Palace ní London. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ oníbẹntiróòlù pa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n jókòó ṣèwádìí, wọ́n ní èèṣì ni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń parí nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà: bí kì í bá ṣe èèṣì, awakọ̀ ló jẹ̀bi. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló ń wo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kí wọ́n bi í pé, "Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ ṣe?"

Ọ̀kan lára àwọn tó béèrè ni Hugh DeHaven. Ní 1917, nígbà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù ogun, bàálù rẹ̀ já bọ́ ní Texas. Ó fara pa gan-an, àmọ́ kò kú. Ìdí tí òun kò fi kú ló gbé e lọ́kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìtàn àwọn tó já bọ́ láti ibi gíga tí wọ́n sì yè é jọ. Ní 1942, ó tẹ ìwé ìwádìí kan jáde nípa àwọn tó ti ṣubú láti ibi tó ga tó 50 sí 150 ẹsẹ̀ bàtà. Ohun tó rí kò ṣòro láti yé èèyàn. Ẹ ju ẹyin sórí ṣìmẹ́ǹtì, kí ẹ tún ju òmíràn sórí òkìtì òwú. Ìṣubú kan náà ni, àbí? Ìṣubú kọ́ ló ń fọ́ ẹyin. Bí ó ṣe dúró lójijì àti ibi tó balẹ̀ sí ló ń fọ́ ọ. Bí ara bá rí àyè díẹ̀ dúró díẹ̀díẹ̀, tí agbára náà sì tàn ká ara dípò kó gún ojú kan, èèyàn lè yè é.

Dókítà kan tó jẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, John Paul Stapp, fi ara tirẹ̀ dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1954, ní aṣálẹ̀ New Mexico, ó jókòó sórí àga tí wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tì lórí ojú irin. Eré rẹ̀ lé ní 1,000 kìlómítà ní wákàtí kan, wọ́n sì dá a dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kún ojú rẹ̀, kò ríran fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ó yè é. Ó fi hàn pé ara tí wọ́n bá so dáadáa lè gba ohun tí ọ̀pọ̀ rò pé kò lè gbà.

Ọdún 1959 ni irè ọgbọ́n yìí jáde lóko. Tẹ́lẹ̀, èrò àwọn èèyàn ni pé ọkọ̀ tó le koko níwájú lẹ́yìn ni ọkọ̀ gidi. Béla Barényi, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz, yí èrò yẹn po: ó ní kí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ máa rún, kí àárín tí èèyàn wà má rún. Irin tó ń rún yẹn ni òkìtì òwú. Ọdún yẹn náà ni Nils Bohlin gbé bẹ́líìtì tó gba èjìká kọjá sí ìbàdí jáde ní Volvo. Kó tó dé Volvo, ìjókòó tó ń ju awakọ̀ òfuurufú jáde nínú bàálù ló ń ṣe ní Saab. Volvo gba ìwé àṣẹ lórí bẹ́líìtì yìí, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ yòókù lò ó.

Bí wọ́n ṣe ń fún ọkọ̀ ní máàkì

Ọgbọ́n ti wà nílẹ̀; ta ni yóò fipá mú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ láti lò ó? Ní 1965, lọ́yà kan tó ń jẹ́ Ralph Nader kọ ìwé tó fi bá àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà wíjọ́. Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé nígbà tó fi di oṣù Kẹsàn-án 1966, Ààrẹ Lyndon Johnson ti fọwọ́ sí òfin ààbò ọkọ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1970, àjọ ìjọba tí òfin yẹn bí, NHTSA, bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀, wọ́n ń fi eré 56 kìlómítà ní wákàtí kan gbá a mọ́ ògiri, wọ́n sì ń tẹ èsì jáde kí ará ìlú rí i. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń kọ èsì yẹn lákọ̀ọ́kọ́. Ní 1993 ni wọ́n sọ ọ́ di ìràwọ̀, kó lè yé oníkálukú.

Ti Yúróòpù dé ní 1997, ariwo sì sọ. Nínú àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí Euro NCAP gbé èsì wọn jáde ní oṣù Kejì ọdún yẹn, Rover 100 gba ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1980 ni, ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń gbé ọmọ sínú rẹ̀ lọ síléèwé. Kí ọdún náà tó parí, wọn kò ṣe é mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi ìbínú fèsì. Wọ́n ní ìdánwò náà ti le jù, pé kò sí ọkọ̀ tó lè gba ìràwọ̀ mẹ́rin láéláé. Ní oṣù Keje, ìyẹn oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn náà, Volvo S40 gba mẹ́rin. Nígbà tó di 2001, Renault Laguna gba márùn-ún.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, àléébù kan wà nínú ọ̀rọ̀ ìdánwò. Àwa tó ń kọ sọ́fítíwíà mọ̀ ọ́n dáadáa, torí pé a ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Bí ọ̀gá bá ní tẹ́ẹ̀sì kan ni kóòdù gbọ́dọ̀ yege, èèyàn lè kọ kóòdù tó yege tẹ́ẹ̀sì yẹn nìkan, kí gbogbo nǹkan yòókù dojú rú. IIHS, àjọ tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, rí irú rẹ̀ lára ọkọ̀. Ní 2012, wọ́n mú ìdánwò tuntun wá: dípò kí ìdajì iwájú ọkọ̀ gbá nǹkan, ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ni yóò gbá a, lápá awakọ̀, bí ìgbà tí igun iwájú ọkọ̀ bá sọ òpó iná. Nínú ọkọ̀ olówó iyebíye mọ́kànlá tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò, méjì péré ló gba máàkì tó ga jù. Àwọn ilé iṣẹ́ sáré tún ọkọ̀ wọn ṣe. Ó dára. Ní 2016, IIHS mú ọkọ̀ méje tó ti yege lápá awakọ̀, wọ́n fi apá kejì gbá nǹkan. Ọ̀kan ṣoṣo nínú méje ló ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti béèrè apá ibi tí ìyàwó, ọkọ tàbí ọ̀rẹ́ awakọ̀ ń jókòó sí, nítorí náà ọ̀pọ̀ kò tún un ṣe.

Ìgbà tí bátìrì dé

Gbogbo ìbéèrè yìí, ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì níwájú ni wọ́n ronú kàn. Bátìrì ńlá mú ìbéèrè mìíràn wá. Ní oṣù Karùn-ún 2011, NHTSA fi ẹ̀gbẹ́ Chevrolet Volt, ọkọ̀ tó ń lo bátìrì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kékeré, gbá òpó irin ní Wisconsin. Ọkọ̀ náà ṣe dáadáa, wọ́n kọ èsì, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, níbi tó dúró sí láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ó gbiná, ó sì jó àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀. Òpó yẹn ló ti wọ inú àpótí bátìrì, omi tó ń mú un tutù ti jò, kò sì sẹ́ni tó rántí fa iná tó kù nínú bátìrì náà gbẹ. Wọ́n ṣèwádìí títí di oṣù Kìíní 2012. Ìjọba ní kò sí ẹ̀rí pé ọkọ̀ oníná léwu iná ju oníbẹntiróòlù lọ, General Motors sì fi irin kún ibi tó dáàbò bo bátìrì náà.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn kọ́ wa: jàǹbá ọkọ̀ oníná kì í parí ní ọjọ́ jàǹbá. Nítorí náà ni àwọn tó ń dánwò fi ń wò ó báyìí bóyá iná bátìrì gé kúrò lára ọkọ̀ ní kété tó gbá nǹkan, torí 400 folítì tàbí 800 kì í ṣe nǹkan tí panápaná lè fi ọwọ́ lásán kàn. Wọ́n tún ń wò ó bóyá ilé iṣẹ́ náà ti ṣe ìwé tó máa fi ibi tí àwọn agbẹ̀mílà lè gé lára ọkọ̀ náà hàn wọ́n.

Bátìrì ní oore tirẹ̀ náà. Abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń wà, ó sì wúwo, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tètè dojú dé. Ọdún 2011 yẹn náà ni Nissan Leaf di ọkọ̀ oníná àkọ́kọ́ tó gba ìràwọ̀ márùn-ún lọ́wọ́ Euro NCAP. Ṣùgbọ́n ìwúwo kan náà ni ìṣòro. Ní oṣù Kìíní 2023, Jennifer Homendy, alága àjọ tó ń wádìí jàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ké gbàjarè lórí rẹ̀. Ó tọ́ka sí GMC Hummer oníná tó lé ní 4,000 kílò, tí bátìrì rẹ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó odindi Honda Civic. Inú Hummer yẹn lè dára. Ẹni tó wà nínú Civic tí Hummer bá gbá ńkọ́?

Ìdánwò ògiri kò lè dáhùn ìbéèrè yìí, torí pé ìwúwo ara rẹ̀ ni ọkọ̀ ń gbé lọ gbá ògiri. NHTSA fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé àwọn ọkọ̀ tí ìwúwo wọn súnmọ́ra nìkan la lè fi ìràwọ̀ iwájú wọn wéra. Láti 2020, Euro NCAP ti ń lo kẹ̀kẹ́ onírin tó wúwo tó 1,400 kílò. Kẹ̀kẹ́ náà àti ọkọ̀ yóò máa sáré bọ̀ wá pàdé ara wọn, 50 kìlómítà ní wákàtí kan lápá méjèèjì. Bí iwájú ọkọ̀ bá le jù fún ẹni kejì, wọ́n á yọ máàkì rẹ̀. Ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ oníná kì í pariwo, nítorí náà òfin Yúróòpù ti mú un ní dandan láti 2021 pé kí gbogbo ọkọ̀ oníná tuntun máa dún bí ó bá ń rọra lọ. Bridget Driscoll ló wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a ka ìyẹn, ọdún 125 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ta ló jókòó sínú ọkọ̀ yẹn?

Ọmọláńgidi ni wọ́n ń gbé sínú ọkọ̀ nígbà ìdánwò, ọ̀mùtí irin àti rọ́bà tó ń wọn ohun tó bá kàn án. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, Hybrid III, General Motors ló gbé e jáde ní 1976, ìrísí rẹ̀ sì jẹ́ ti ọkùnrin Amẹ́ríkà tó ga níwọ̀n, nǹkan bí 78 kílò. Obìnrin tó gbé ọmọ wa bí kì í ṣe 78 kílò. Ọmọ fúnra rẹ̀ kò tíì tó mẹ́sàn-án. Ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ni àwọn méjèèjì sábà máa ń jókòó sí.

Ní oṣù Kejìlá 2022, IIHS gbé ọmọláńgidi kan tó tó obìnrin kúkúrú tàbí ọmọ ọdún méjìlá sẹ́yìn awakọ̀, wọ́n wá tún àwọn ọkọ̀ dán wò. Nínú ọkọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, méjì péré ló gba máàkì tó dára. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń tún iwájú ṣe, torí iwájú ni ìbéèrè wà. Ibi tí a ka èyí dé ni a pa kọ̀ǹpútà dé lálẹ́ ọjọ́ kan, tí a lọ wo ọmọ níbi tó sùn sí.

Kí la wá ṣe? A padà sọ́dọ̀ àwọn ọkọ̀ tí owó wa ká, a sì fi ìbéèrè mélòó kan yẹ wọ́n wò. Ọdún wo ni wọ́n dán an wò, ṣé ọkọ̀ tí a fẹ́ rà sì ni ẹ̀dà tí wọ́n dán wò? Báàgì wo ló wà nínú rẹ̀, ibo ló sì ń bò? Láti 2009, fún ọ̀pọ̀ ọdún, apá mẹ́rin ni Euro NCAP pín èsì sí: àgbàlagbà, ọmọdé, àwọn tó wà níta ọkọ̀, àti ẹ̀rọ tó ń ran awakọ̀ lọ́wọ́. Ìràwọ̀ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ẹni tó ní ọmọ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ ka ti ọmọdé lọ́tọ̀. Ó sì tún gbọ́dọ̀ wo ìwúwo: èyí tí a ń rà ń kọ́, ti aládùúgbò ń kọ́?

Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ń gbèrò láti ra ọkọ̀ oníná tòkunbọ̀ ní Èkó tàbí Kùtọnu, ẹ bá wa fi ọ̀kan kún un. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gba orí omi wá láti Amẹ́ríkà ti ní jàǹbá rí kí wọ́n tó gbé e ṣe gbàǹjo. Ọkọ̀ tí wọ́n dán wò, odindi ni. Èyí tí irin iwájú rẹ̀ ti rún lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n nà án, tí wọ́n jó o pọ̀, tí wọ́n kun ọ̀dà sí i, kò ní òkìtì òwú yẹn mọ́. Báàgì tó ti bẹ́, ìdérí nìkan ni ẹlòmíì máa ń rà padà. Ti oníná tún wá jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé ọkọ̀ sókè, kó wo abẹ́ àpótí bátìrì dáadáa kí ẹ tó ka owó, torí ohun tó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

A ra ọkọ̀ nígbẹ̀yìn. A ò ní dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe ìpolówó la wá ṣe, ìbéèrè tó bá sì dé lọ́dún tó ń bọ̀ lè jẹ́ kí òun náà já. Kì í ṣe èyí tí a kọ́kọ́ fẹ́. Ó gbó díẹ̀ lójú, bátìrì rẹ̀ kò sì gbé wa jìnnà tó ti àkọ́kọ́. Àmọ́ a mọ ọdún tí wọ́n dán an wò, a mọ báàgì tó wà lókè orí ìjókòó ẹ̀yìn, a sì ti ka máàkì ọmọdé rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí a kọ́kọ́ de ọmọ mọ́ ìjókòó rẹ̀, ó ké títí a fi dé òpópónà. Lẹ́yìn náà ó sùn.